Aróhùnlágbára ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún ẹ̀rọ orin. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣágámù ló dá a lábàá pé ká máa pe ámpù kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín fóònù àti íápíìsì ní "agbóhùnsókè". Àǹtí wa ará Ìpẹ̀rù ní kò sóhun tó ṣe "ámpù", pé orúkọ tí gbogbo ọjà ti gbà, kí ló tún kù? Mo fẹ́ dá sí i, torí mo ní ọ̀kan nílé níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì dá mi lójú pé "sókè" kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Íápíìsì yàtọ̀ síra. Àwọn kan wà tí ìdènà iná inú wọn kò ju óòmù 32 lọ (óòmù la fi ń wọn ìdènà iná). Fóònù lásán á gbé wọn, kò ní mí hẹlẹ. Èyí tó ńlá, tó ń bo etí, tí mo ń lò, Sennheiser HD 650, óòmù 300 ni tirẹ̀. Bí mo bá kì í bọ fóònù mi àtijọ́ tó ṣì ní ihò, tí mo yí fọ́lúùmù dé òpin, orin á jáde, mi ò ní purọ́, àmọ́ á máa dún bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mo fi ń dán gbogbo irinṣẹ́ wò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, tó papòdà ní 1983. Lórí fóònù, agídìgbo kàn ń kùn lábẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, o ò lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo wá fi ámpù sáàárín, mo sì rọra rẹ fọ́lúùmù sílẹ̀ títí tó fi bá ti fóònù dọ́gba. Orin náà kò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bí àtàǹpàkò ṣe ń já kúrò lórí irin agídìgbo, mò ń gbọ́ ibi tí àwọn onílù ti rọ ọwọ́ kí Hárúnà lè ráyè parí oríkì ẹni tó ń kì. Ohùn kò ga sí i. Ó lágbára sí i ni.

Ìdí tí mo fi mú "aróhùnlágbára" wá nìyẹn. Ẹni tó mọ "ìrónilágbára" tí àwọn olóṣèlú kò jẹ́ ká sinmi lórí rẹ̀ á lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ró" tó wà níbẹ̀ tún bá "ró" inú "ìró" mu, ìyẹn sì jẹ́ èènì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti gùn jù, kó ka sílébù rẹ̀: mẹ́fà ni. Mẹ́fà náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì, mẹ́fà ni amóhùnmáwòrán, mẹ́fà ni agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tí ìwọ̀nyẹn ta nílẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú nípa "agbóhùnsókè" ni "gbóhùn" yẹn fúnra rẹ̀. "Gbé ohùn" ń di gbóhùn, "gbọ́ ohùn" náà ń di gbóhùn. Ẹ lọ sọ "agbóhùnsókè" fún ìyá mi, á ní ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí etí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa nì. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Tọ́mọdé bá sì gbọ́ "sókè", òkè náà ni yóò máa yí i lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ariwo bá wà ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (òṣùwọ̀n ariwo nìyẹn), èèyàn lè fi wákàtí 40 gbọ́ ọ lọ́sẹ̀; tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Orúkọ tó ń rán èèyàn lọ sókè kò yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àǹtí, mo gbà pé kò sẹ́ni tó máa dé Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ní kí wọ́n ta aróhùnlágbára fún òun. (Ìjẹ̀bú ni wá ṣá, iye la máa ń bèèrè ká tó bèèrè orúkọ.) Ẹ jẹ́ kí ọjà máa pe ámpù. Ìwé la ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Ti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé orin kiri tún rèé. Walkman ni gbogbo wa ń pe irú rẹ̀ látìgbà tí Sony ti gbé tiwọn jáde ní 1979, bó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó yá, iPod dé ní 2001, ó sì kógbá sílé ní 2022. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kì í bá wa kalẹ́. Ẹnì kan dábàá "akórinrìn", ó dùn létí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní kà á sí "akọrin" kan ṣáá. "Agbórinrìn" ni mo fara mọ́.

Apá inú rẹ̀ tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Nọ́ńbà 44,100 ló wà fún etí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí síídì. Ẹni tó ń túmọ̀ wọn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní DAC, ògbufọ̀ ni. Ògbufọ̀ àti aróhùnlágbára sábà máa ń gbé inú páálí kan náà, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn máa pe méjèèjì pọ̀ ní ámpù.

Ó ku "balanced", orúkọ irú ihò íápíìsì kan, tí ẹ̀gbọ́n túmọ̀ sí "onídọ́gba". Lójú tèmi, ìdọ́gba kọ́ ni èèyàn kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Lójú ihò 3.5 mm, etí méjèèjì jọ ń lo wáyà kan láti dá iná padà. Lójú ti 4.4 mm, ọ̀tún ní wáyà méjì tirẹ̀, òsì ní méjì tirẹ̀. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní "alájọlò", mo pe èkejì ní "aláìjọlò". Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn.