Ọjọ́ márùn-ún ní Nẹ́dálándì: reluwé, mùsíọ́mù àti kẹ̀kẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Omo_Colchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Colchester, fíṣà Schengen mi sì ti jáde. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ní, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, láàárín oṣù kẹrin. Mo fẹ́ rí Rotterdam, Delft, Den Haag àti Amsterdam. Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn, àmọ́ n kò gùn ún láàárín ìlú ńlá rí. Níbo ni kí n sùn sí tí owó kò fi ní pọ̀ jù? Tíkẹ́ẹ̀tì reluwé wo ni kí n rà? Mùsíọ́mù wo ló yẹ kí n tètè san owó rẹ̀? Kí ló sì máa ń kó àlejò sí wàhálà lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀?

OjuIrin:
Àbúrò, nígbà tó jẹ́ Colchester lo wà, wo Harwich kí o tó wo ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ ojú omi Stena Line ń gbéra níbẹ̀ lálẹ́, ó ń gúnlẹ̀ sí Hoek van Holland láàárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó pa reluwé Greater Anglia àti ọkọ̀ náà pọ̀. Dandan ni yàrá fún ìrìn alẹ́, nítorí náà fi owó yàrá kún un kí o tó fi wé ti òfuurufú, kí o sì yọ owó ilé ìtura alẹ́ kan kúrò. Métírò wà lẹ́bàá èbúté. Ìlà B ni kí o wọ̀ dé Rotterdam.

Rotterdam tàbí Den Haag ni kí o sùn sí. Láti 2024, ìjọba ìlú Amsterdam ń gba owó orí àlejò, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í sí nínú iye tí o kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Delft wà láàárín Rotterdam àti Den Haag, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni reluwé fi ń dé ibẹ̀ láti ìhà méjèèjì.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, má ra nǹkan kan. Fi káàdì báńkì rẹ tó ṣeé fi kan ẹ̀rọ kàn án bí o ti ń wọlé, kí o sì tún fi kàn án bí o ti ń jáde. Ẹ̀rọ náà yóò ṣírò owó fúnra rẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fi fóònù wọlé, wọ́n á fi káàdì jáde. Báńkì kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, káàdì méjì ni. Reluwé tí o kò bá kàn jáde nínú rẹ̀, yúrò 20 ni wọ́n á yọ; ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti métírò, yúrò 4. O lè béèrè owó náà padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì kan, ènìyàn kan: o kò lè fi tìrẹ san ti ọ̀rẹ́ rẹ.

Ohun kan ṣì kù. Intercity Direct, reluwé ayára láàárín Rotterdam àti Schiphol (pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam), ní àfikún owó tirẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tí wọ́n kọ *toeslag* sí lára ni o máa kàn fún un, lẹ́yìn tí o bá ti kan ti ìwọlé. Bí o kò bá fẹ́ san án, wọ Intercity tó gba Den Haag àti Leiden. Yóò pẹ́ díẹ̀, o sì lè sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Olokeke:
Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni: má ṣe bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní Amsterdam. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ há, tíráàmù pọ̀, àwọn ará ìlú ń sáré lọ síbi iṣẹ́, àlejò sì dúró sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń ya fọ́tò. Delft ni kí o ti yá kẹ̀kẹ́, kí o gba ẹ̀gbẹ́ odò Vliet lọ sí Den Haag. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá ní àlọ, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí o bá ń yá a, béèrè irú bíréèkì tó ní. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kò ní bíréèkì lọ́wọ́: pẹ́dà ni o máa fi ẹsẹ̀ tì sẹ́yìn kó tó dúró. Bí ẹ̀rù bá ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yóò gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dà láti fi ta ilẹ̀, bíréèkì sì ti lọ nìyẹn. O kò sì ní lè yí pẹ́dà sẹ́yìn láti tò ó kí o tó gbéra. Gbé táyà ẹ̀yìn sókè díẹ̀, kí o yí pẹ́dà síwájú. Bí èyí bá le jù, san owó díẹ̀ sí i fún èyí tó ní bíréèkì ọwọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí orí ìka ẹsẹ̀ rẹ yóò fi kan ilẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ wọn ga.

Lójú ọ̀nà: apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe òsì bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí o bá rí àwọn onígun mẹ́ta funfun lórí ilẹ̀ tí ẹnu wọn kọjú sí ọ, ìwọ ni kí o dúró fún ẹlòmíì. Níbi tí kò sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún rẹ ló ni ọ̀nà, ìbáà jẹ́ mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́. Irin tíráàmù ni kí o bẹ̀rù jù: dá a kọjá ní ìbú, má ṣe bá a rìn ní òòró, torí àlàfo rẹ̀ gba táyà kẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́, òjò sì máa ń mú kí irin máa yọ̀. Na ọwọ́ kí o tó yà. Láti oṣù keje 2019, òfin kò gbà kí o di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́. Bí o bá fẹ́ wo máàpù, sọ̀ kalẹ̀. Ní alẹ́, o gbọ́dọ̀ tan iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn.

Àgádágodo méjì ni kí o lò: èyí tó wà lára táyà ẹ̀yìn, àti ṣéènì tó gba táyà iwájú àti férémù mọ́ irin tí kò ṣeé gbé. Má gbé e síbi tí wọ́n ní kí ènìyàn má gbé e sí; ìjọba ìlú á kó o lọ, owó ni o máa fi gbà á padà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni òkè rẹ̀, nítorí náà kọjú sí i ní àlọ, kó lè máa tì ọ́ ní àbọ̀. Áàpù Buienradar yóò sọ ìgbà tí òjò yóò dé fún ọ.

Omo_Colchester:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè gbé kẹ̀kẹ́ náà wọ reluwé? Ṣé mo sì lè lo kẹ̀kẹ́ OV-fiets tó wà ní ibùdókọ̀?

Olokeke:
OV-fiets, rárá, káàdì olórúkọ ti ará ibẹ̀ ni wọ́n fi ń yá a. Kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká nínú reluwé nílò tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, wọn kì í sì í gbà á ní wákàtí tí èrò pọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò tọ́ sí wàhálà. Dá a padà, kí o yá òmíràn.

Aworan_ati_Itan:
Mùsíọ́mù ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí ẹ tó to reluwé. Ilé Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó sá pamọ́ fún àwọn Násì, ló le jù: gbogbo Túsìdeè, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti Amsterdam, tíí ṣe aago mẹ́sàn-án ti Colchester, ni wọ́n ń tú tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, fún ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sígbà náà. Wọn kì í tà á lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì tó bá ju ìwé A4 lọ kò wọlé. Mùsíọ́mù Van Gogh náà, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, pẹ̀lú wákàtí. Ẹ mú káàdì iléèwé tó ní fọ́tò, kí ẹ sì wá ìlà owó akẹ́kọ̀ọ́ lójú ewé tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kò sí níbi gbogbo.

Ẹ ṣọ́ra fún Mọ́ńdè. Mauritshuis ní Den Haag kì í ṣí títí di aago kan ọ̀sán ọjọ́ náà, Depot Boijmans, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà pamọ́ sí ní Rotterdam, kì í sì í ṣí rárá. Ẹ fi Mọ́ńdè rìn ní Rotterdam: àwọn ilé onígun tí Piet Blom yàwòrán, àti ihò kẹ̀kẹ́ Maastunnel tó ti wà láti 1942, tí àtẹ̀gùn arìnfúnra-rẹ̀ tí wọ́n fi igi ṣe wà nínú rẹ̀ dòní.

Ní tèmi, bó bá di dandan kí ẹ mú ọ̀kan, Mauritshuis ni. Ó kéré, wákàtí méjì tó o, àwòrán ọmọbìnrin pẹ̀lú péálì tí Vermeer yà sì wà níbẹ̀, àti èyí tó ya nípa Delft. Ẹ ka ìtàn ilé náà: Johan Maurits tó kọ́ ọ ló ṣàkóso apá Brazil tí àwọn Dutch gbà láti 1637 sí 1644, ó sì rán ọkọ̀ ogun lọ gba Elmina (ní Ghana òde òní) lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1637, nítorí ẹrú tí wọ́n fẹ́ fún oko ìrèké. Láìmọ èyí, ẹ̀ẹ́ máa wo ògiri dáradára lásán.

Bí ìwé atọ́nà àtijọ́ bá sọ fún yín pé ẹ lọ wo àwọn ère idẹ Benin ní mùsíọ́mù Leiden, ẹ rántí pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin 119 ni Nẹ́dálándì ti dá padà fún Nàìjíríà ní 2025.

OjuIrin:
Kí n fi èyí kún un: bí ìrìn rẹ bá sún sí ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ọjọ́ ìbí ọba nìyẹn. Yàrá á wọ́n, tíráàmù kò ní gba àárín Amsterdam, kẹ̀kẹ́ pàápàá kò ní rí ọ̀nà.