Okùn sítátà mówà mi ń já gbà lọ́wọ́ mi, mo ti pààrọ̀ sítátà lẹ́ẹ̀mejì

Ọmọ_Olúyọ̀lé:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ koríko gígé ni mò ń ṣe, ilé ìwé kan àti ṣọ́ọ̀ṣì méjì ni mò ń bá ṣe déédéé, mówà tòkunbọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, èyí tí wọ́n ń tì, ni mo fi ń ṣe é. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí okùn tí mo fi ń sítáàtì ẹ̀ ti ń ṣe bíi wèrè. Nígbà míì tí mo bá fà á á wá dáadáa, nígbà míì ńṣe lá dédé já padà gbà lọ́wọ́ mi bíi pé ẹnì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tá a jọ ń fà á, lọ́jọ́ Sátidé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léjìká. Mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa ní sítátà ló ti bàjẹ́, mo ra òmíràn, kò pé ọjọ́ mẹ́rin okùn ẹ̀ já, mo tún ra òmíràn. Ní báyìí ẹ́ńjìnnì gan-an ò fẹ́ dáhùn mọ́, á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Òjò sì ti dé, koríko ilé ìwé yẹn ti fẹ́ ga ju àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lọ. Sítátà wo ni kí n rà tó máa pẹ́?

Aládé_Òkè:
Bọ̀dá, ẹ kú wàhálà. Èmi rò pé wọn ò ká a dáadáa ni. Sípíríìnì pẹlẹbẹ kan wà nínú sítátà yẹn tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín, òun ló ń fa okùn wọlé. Ẹni tó bá ń ki okùn sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, apá ibi tó máa ń yí sí tá a bá fa okùn ni o, tí kò bá tó okùn á máa rọ̀ síta bí ahọ́n ajá, tó bá sì pọ̀ jù sípíríìnì á le pinpin kí okùn tó tán, ibẹ̀ ló ti máa kán. Ẹ fa okùn dé òpin kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì lè yí síwájú díẹ̀, ó yẹ kó ṣì lè yí. Ẹ má lo okùn ìsáṣọ o, okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn bíi mìlímítà 4 ni, ẹ fi èyí tó já wọn gígùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi iná jó ẹnu ẹ̀ kó má tú. Kẹ́ ẹ sì rọra tẹ́ ẹ bá ṣí i, sípíríìnì tèmi fò jáde lọ́jọ́ kan, àpá ẹ̀ ṣì wà nígbọ̀nwọ́ mi.

Bàbá_Réwáyà:
Òótọ́ ni Aládé sọ nípa okùn, àmọ́ kì í ṣe ohun tó ń ṣe mówà yìí nìyẹn. Sípíríìnì ò lágbára tó lè já okùn gbà lọ́wọ́ géńdé. Tó bá kú, okùn ò ní wọlé ni. Tó bá jẹ́ àwọn eyín kékeré inú sítátà tó ń gbá fláíwíìlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, mú ló jẹ, okùn á kàn máa wá lófìfo, ẹ́ńjìnnì ò ní yí. Okùn tó ń já padà, ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Ọmọ Olúyọ̀lé, ìbéèrè kan ni mo ní: kí ni mówà yẹn gbá kí eléyìí tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Olúyọ̀lé:
Háà! Bàbá, ta ló sọ fún yín? Kùkùté máńgòrò ni, ẹ̀yìn ilé ìwé, koríko ti bò ó mi ò rí i. Ó dún gbì, ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Mo yọ bíléèdì, ó ti ká lẹ́nu, mo nà án, mo pọ́n ọn, mo dá a padà, mo rò pé ó tán síbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò pé ó kan ọ̀rọ̀ okùn rárá, òkè ni okùn wà, ìsàlẹ̀ ni bíléèdì wà.

Bàbá_Réwáyà:
Kíránkì kan náà, ìyẹn ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ló so méjèèjì pọ̀. Bíléèdì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, fláíwíìlì wà lókè. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára fláíwíìlì, tó bá ti kọjá níwájú kọ́ìlì tó ń mú iná wá ni púlọ́ọ̀gì ń tana, iná yẹn sì gbọ́dọ̀ tan nígbà tí písítìnnì, èyí tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, bá kù díẹ̀ kó dé òkè. Irin kékeré kan tí kò ju èékánná lọ ló di fláíwíìlì mú kó má yẹ̀ lórí kíránkì, kíì là ń pè é. Lọ́jọ́ tí bíléèdì ẹ gbá kùkùté, kíránkì dúró gbagidi, fláíwíìlì tó wúwo ṣì fẹ́ máa lọ, kíì yẹn ló jìyà ẹ̀. Ó ti gé, tàbí kó wọ́. Fláíwíìlì wá yẹ̀, iná ń tan ṣáájú àkókò, písítìnnì ṣì ń gun òkè bọ̀ ni iná ti gbá a padà, ẹ́ńjìnnì yí sẹ́yìn, ó sì wọ́ okùn ọwọ́ ẹ lọ. Tó o bá ra sítátà mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ ló máa já.

Kọ́kọ́ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kó o gbé e jìnnà, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wo bíléèdì ná torí ìyẹn ò náni lówó, tí nọ́ọ̀tù ẹ̀ ò bá le dáadáa nígbà tó o dá a padà, òun náà lè mú kí okùn máa já padà. Lẹ́yìn náà yọ púlọ́ọ̀gì, fa okùn jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíì máa wo ìdí kíránkì nísàlẹ̀. Tó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó ti wọ́ nìyẹn, má wulẹ̀ náwó sí i mọ́. Tó bá dúró ṣinṣin, ṣí òkè, fi púlà, irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa nǹkan yọ, yọ fláíwíìlì, má fi òòlù lù ú, ó máa ń fọ́. Kíì tuntun ò wọ́n. Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé kó o gé ìṣó sí i, má gbà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kíì yẹn kó rọ̀ ni, kó lè jẹ́ òun ló máa gé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tó o bá fi ìṣó sí i, kíránkì ló kàn.

Ìyá_Ìbejì_Manchester:
Bàbá ẹ ṣeun, gbòǹgbò igi ápù ni tèmi gbá níbí lọ́dún tó kọjá, ohun kan náà gẹ́lẹ́. Àbúrò, tó o bá fẹ́ dẹ̀ ẹ́ láti wo abẹ́ ẹ̀, kí ojú kábúrétọ̀ kọjú sókè o. Èmi dà á sí apá kejì, ọ́ìlì ṣàn wọnú àsẹ́ afẹ́fẹ́, nígbà tá a wá sítáàtì ẹ̀ èéfín bo gbogbo àdúgbò, aládùúgbò mi fẹ́ pe paná-paná. Tí okùn bá wá le tí kò ṣeé fà rárá, wò ó bóyá o di irin ọwọ́ yẹn mú mọ́ ọ̀pá tó o fi ń tì í, tó ò bá dì í mú bíréèkì ló gbá fláíwíìlì mú yẹn. Ojú tì mí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi.

Ọmọ_Olúyọ̀lé:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti padà dé. Kíránkì ò wọ́, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. A fi púlà yọ fláíwíìlì, kíì ọ̀hún ti wọ́ bí eyín tó fẹ́ yọ, ìdajì ẹ̀ ti gé. Mẹkáníìkì wa ti nawọ́ mú ìṣó lóòótọ́, mo ní rárá, ó ní ṣé mo ti wá di ẹ́ńjiníà. Mo rí kíì tuntun rà, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fa okùn ló sítáàtì, okùn ń wọlé jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Mo ti fi aṣọ pupa so ìdí kùkùté yẹn. Ó ku sítátà kan nílẹ̀ báyìí tí nǹkan kan ò ṣe, ìyẹn àkọ́kọ́ tí mo rà, okùn nìkan ló já. Ta ló fẹ́?

Bàbá_Réwáyà:
Fi okùn tuntun sí i kó o gbé e pamọ́. Kùkùté ò ní tán nílé ìwé yẹn.