Báwo ni mo ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà fi ọgbọ́n bá mi jà nínú Stellaris?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Èmi nìkan ni mo máa ń ṣe Stellaris, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń darí ìjọba láàárín àwọn ìràwọ̀; kọ̀ǹpútà ni ọ̀tá mi. Mo ti gòkè díẹ̀díẹ̀ dé Grand Admiral, ìpele tó le jù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n ọ̀tá kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àfikún ọrọ̀ ni wọ́n kàn ń fún un. Ọdún 2200 ni géèmù bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti lè fara dà á dé nǹkan bí ọdún 2250, mo ti bọ́ nìyẹn. Àtìgbà náà lọ, ọ̀tá á máa kó ọkọ̀ ogun wá forí sọ ibùdó mi tó lágbára jù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnubodè mi kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn géèmù yìí gan-an.

Mo ti fi kún iye àwọn ọ̀tá tó ń fi àǹfààní bẹ̀rẹ̀. Mo ti lo ètò Ironman kí n má baà lè pa dà sẹ́yìn tí mo bá ṣe àṣìṣe. Mo gbé agbára crisis (àjálù ńlá tó máa ń kọlu gbogbo ìjọba) sí ìlọ́po 25, àmọ́ ìparí géèmù nìyẹn máa ń dé, àárín ló sì ń sú mi. Mo tún ń ro ti Starnet AI, ìyẹn mod (àtúnṣe tí àwọn olólùfẹ́ géèmù fúnra wọn ṣe sí i), mi ò tíì dán an wò.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ètò tàbí mod wo ló máa jẹ́ kí ọ̀tá fi ọgbọ́n bá mi jà láàárín géèmù?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.