Ẹ̀yin tó ti fa iná láti ilé dé gáráàjì tó jìnnà, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìsọ̀kùn ní Iléṣà ni ilé wa wà. Gáráàjì tí bàbá wa kọ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà tó ọgọ́ta mítà sí ilé. Mo fẹ́ máa tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀: gílóòbù mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, àti ẹ̀rọ ìjórin kékeré. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Jórinjórin Lágeré
Wáyà 2.5 ni wọ́n máa ní kí o rà (nọ́ńbà yẹn ni bí kọ́pà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó). Má rà á. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, láti ilé ọ̀gá ni iná ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, 2.5 ni wọ́n sì fà gba ẹ̀yìn ilé mẹ́ta. Bó bá jẹ́ gílóòbù nìkan, kò sí wàhálà. Àmọ́ kí á ṣáà ti fi ọ̀pá ìjórin kan irin, gbogbo gílóòbù á pọ́n, fáànù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ọ̀pá á lẹ̀ mọ́ irin. Ìyá onírun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á figbe ta. Ọ̀gá ní nẹ́pà ni kò fún wa níná gidi. Ìgbà tí wọ́n yọ 2.5, tí wọ́n fi 10 sí i, ariwo tán.

Alàgbà Ìrémọ
Nẹ́pà wo? NEPA ti kógbá sílé láti 2005. PHCN ló rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n pín tà ní 2013.

Jórinjórin Lágeré
Ẹ má bínú, Bàbá. Nẹ́pà náà la ṣì ń pè é ní Lágeré.

Ìyá Adìẹ
Ọmọ ọmọ mi tí wọn ò tíì bí ní 2013 ń pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà" kí gbogbo àdúgbò tó mọ̀ pé iná dé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Alàgbà.

Oníná Mọ́dákẹ́kẹ́
Òótọ́ ni jórinjórin sọ. Wáyà kọ́pà 2.5, kìlómítà kan rẹ̀ ń dí iná lọ́wọ́ tó óòmù 7.4. Ọgọ́ta mítà ní àlọ, ọgọ́ta ní àbọ̀, torí láìfù ló ń gbé e lọ, nútírà ló ń dá a padà. Bí ẹrù bá tó áḿpù 20, nǹkan bí fóòtì 18 ti ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ti di ooru lára wáyà. Fóòtì 230 tó yẹ kó dé ibẹ̀ di 212. Bẹ́ẹ̀, lálẹ́ ní àdúgbò wa, 190 ni míta ń kà kó tó kúrò nílé rárá! Bó bá jẹ́ 6, fóòtì 7 àti díẹ̀ ló máa ṣòfò. Bó bá jẹ́ 10, kò tó 5. Ṣùgbọ́n àbúrò, kí ni agbára ẹ̀rọ ìjórin rẹ?

Ọmọ Ọbòkun
Wọ́n kọ áḿpù 200 sí i lára.

Oníná Mọ́dákẹ́kẹ́
Ìyẹn ni èyí tó ń tú jáde ní ẹnu ọ̀pá. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí èyí tó ń gbà wọlé. Ìyẹn ni kí o fi ra wáyà.

Ìyá Adìẹ
Ẹ̀yin ń sọ gílóòbù tó pọ́n, tèmi pa ẹran. Láti ilé ni wọ́n ti fa iná lọ sí ilé adìẹ wa, orí ọparun ni wọ́n gbé wáyà gbà. Oníná tó ṣe é ní kò séwu. Òjò oṣù kẹrin dé pẹ̀lú ìjì, imọ̀ ọ̀pẹ já lu wáyà, ó já sílẹ̀ nínú omi. Ewúrẹ́ ìyá ọkọ mi kọjá níbẹ̀, ó ṣubú, kò dìde mọ́. Ọmọ mi ń sáré lọ gbé e! Mo figbe ta, mo ní kó dúró, àwọn ará ilé wá lọ pa iná ní ìdí míta. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ṣèyí-ṣọ̀hún
Yéè! Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn.

Bọ̀dá Sábó
Mi ò fara mọ́ ìtàn yìí o. Iná já sílẹ̀, kò sì já fíùsì?

Oníná Mọ́dákẹ́kẹ́
Kò ní já a, Bọ̀dá. Fíùsì 30 ń dúró de kí nǹkan kọjá áḿpù 30 dáadáa, ohun tó ń pa èèyàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá áḿpù kan. Ẹ̀rọ ààbò tó ń já ní mílíáḿpù 30 (ẹgbẹ̀rún mílíáḿpù ni áḿpù kan) nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì ri irin ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀, mọ́lẹ̀ ní gáráàjì lọ́hùn-ún. Lásìkò ọyẹ́ ilẹ̀ a máa gbẹ, ẹ́ẹ̀tì kì í mú dáadáa, ẹ ri í jìn.

Bọ̀dá Sábó
Ó yé mi. Ìyá Adìẹ, ẹ má bínú, ẹ kú ewu o.

Ìyá Adìẹ
A dúpẹ́.

Àgbẹ̀ Ìlódè
Ẹ ri wáyà yẹn mọ́lẹ̀ ni tèmi. Kébù onírin lára, kòtò tó tó ìdajì mítà ó lé, yanrìn lórí, bíríkì lórí yanrìn.

Jórinjórin Lágeré
Lójú ọ̀nà oko yín? Ọkọ́ ẹni tó ń kọ ebè iṣu á bá a.

Àgbẹ̀ Ìlódè
Ọkọ́ wo ló ń kọ ebè wọ ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ kọ ebè rí?

Jórinjórin Lágeré
Mo kọ ọ́ ju ẹ̀yin lọ. Mo ní kí wọ́n kàn án sára ògiri, níbi tí ojú ti ń rí i.

Ṣèyí-ṣọ̀hún
Gáráàjì ọ̀rọ̀ yìí ò lógiri tó so ó pọ̀ mọ́ ilé o.

Ọmọ Òṣómàáàló
Ẹ ti sọ wáyà tán. Bó bá fi gáráàjì yá ẹlòmíràn, ta ló ń ra yúnítì? Ẹni tí bàbá mi fún níná láti ilé kò san kọ́bọ̀ fún oṣù púpọ̀, ó ní gílóòbù kan lòun ń tàn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ irin!

Alàgbà Ìrémọ
Ọmọ Òṣómàáàló kan wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè?

Ọmọ Òṣómàáàló
Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí tó fi san, Alàgbà. Lẹ́yìn náà wọ́n fi míta kékeré tirẹ̀ sí i.

Ọmọ Ọbòkun
Ẹlò ni míta kékeré yẹn?