Bàbá fẹ́ pa òbúkọ fún àbúrò mi tó ta oko tíìkì. Ṣé dandan ni kí n jókòó síbi àsè náà?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kétu ní ilẹ̀ Benin ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 47, èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ọkùnrin. Ìyá wa ti kú. Nígbà tí ọkọ mi náà kú, mo padà sílé bàbá mi, àtìgbà náà ni mo ti ń dá oko wọn: ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, àgbàdo. Gàrí tí mo ń yan ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Bàbá gbin tíìkì sí hékítà méjì nígbà tí èmi ṣì kéré. Mo rántí pé èmi ni mò ń gbé omi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n máa ń sọ pé igi yẹn ni àwọn máa fi jẹun nígbà ogbó. Ní 2016, àbúrò mi ní kí bàbá fún òun ní ìpín òun, pé òun fẹ́ lọ ṣòwò ní Kútọnu. Bàbá kò fẹ́. Ó yọ wọ́n lẹ́nu, ó lọ ń bẹ ẹbí kiri, títí bàbá fi fi oko tíìkì lé e lọ́wọ́. Kò pé oṣù méjì tó fi kó àwọn agégẹdú wọ oko. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gé gbogbo rẹ̀. Láti ibi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn.

Ó gba owó, ó lọ. Kútọnu ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di Gabon. Ọdún mẹ́sàn-án. Ní 2021, rọpárọsẹ̀ gbé bàbá ṣánlẹ̀, ọwọ́ òsì wọn kò ṣeé gbé fún oṣù márùn-ún. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Oṣù tó kọjá, ó dé. Sémì, ọ̀kadà akérò, já a sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, bàtà rọ́bà ló wọ̀, àpò kan ló gbé dání. Oko ni mo wà. Kí n tó délé, ó ti wẹ̀, aṣọ òkè tí bàbá máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún ló wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń sunkún. Kò sẹ́ni tó rán ọmọ sí mi lóko. Aládùúgbò kan tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà ló ní kí n kú oríire, pé àbúrò mi ti dé.

Ní báyìí, bàbá ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, àwọn máa pa òbúkọ, àwọn máa pe ẹbí àti àwọn ará ìjọ. Òbúkọ náà, èmi ni mo rà á, èmi ni mo ń sìn ín, owó ilé-ìwé ọmọ mi kékeré ni. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, bàbá ní, "Ṣé o ò gbọ́ ìwé tí Fadá kà fún wa nígbà Lẹ́ńtì ni?" Mo gbọ́ ọ. Ìtàn ọmọ onínàákúnàá ni, àbúrò tó gba ìpín rẹ̀, tó ná an tán, tó sì padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọdọọdún tí wọ́n bá ti wàásù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹni burúkú. Mo jókòó sórí àga ìjọ, ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mi ò bá lọ síbi àsè náà, ṣé mo ti di ọlọ́kàn líle nìyẹn? Ẹ̀rù kejì tó ń bà mí ni hékítà mẹ́ta tó kù, tí mò ń dá. Tí bàbá bá ti dárí jì í, ṣé wọ́n máa tún ilẹ̀ pín ni?

Ìyá Ìbejì, Ìlárá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ òbúkọ yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Ẹ má lọ o. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Bàbá yín tí wọ́n fẹ́ pa ẹran, kí wọ́n ra ẹran.

Olùkọ́ Ìjọ, Kétu: Ọmọ mi, mo kí ọ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run rí i.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi Lúùkù orí 15, níbi tí ìtàn yẹn wà, kọ́ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ yìí ló mú kí n tún lọ ṣí i lálẹ́ àná. Wo ẹsẹ 25. Oko ni ẹ̀gbọ́n wà. Nígbà tó ń bọ̀, orin àti ijó ló gbọ́, ìránṣẹ́ kan ló pè tó bi pé kí ló dé. Wọ́n ti pa ẹgbọ̀rọ̀ màlúù àbọ́pa, wọ́n ti kó onílù jọ, kò sẹ́ni tó rántí rán ẹnikẹ́ni lọ sóko. Bíbélì kò fi í pa mọ́. Àwa tí à ń kọ́ni la máa ń fò ó kọjá, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nítorí ti èmi.

Bàbá inú ìtàn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde lọ́jọ́ náà. Ìjáde àkọ́kọ́, ó sáré. Àwa náà mọ̀ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ọmọ ṣì wà lókèèrè tó ti rí i, èyí fi hàn pé ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà láti ọjọ́ tó ti lọ. Ọmọ ti há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí: mo ti dẹ́ṣẹ̀, fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ. Ó sọ apá àkọ́kọ́. Bàbá kò jẹ́ kó débi tó máa ti pe ara rẹ̀ ní alágbàṣe, ó ti ń pariwo pé kí wọ́n mú aṣọ wá, òrùka àti bàtà. Ohun tí bàbá rẹ ṣe lórí aṣọ òkè yẹn nìyẹn. Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn.

Ìjáde kejì wà ní ẹsẹ 28. Ẹ̀gbọ́n bínú, kò fẹ́ wọlé. Bàbá fi àlejò sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó jáde, ó ń ṣìpẹ̀ fún un. Kò ránṣẹ́ pè é, kò sì sọ pé kó má fi ojú kan òun mọ́. Níbo lẹ ti rí bàbá tó ń bẹ ọmọ níta gbangba nígbà tí àlejò wà nínú ilé? Ìfẹ́ tó fi sáré lọ pàdé ọmọ kékeré náà ló fi dúró síta bẹ èyí àgbà. Ohun tí bàbá tìrẹ kò tíì ṣe nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan rán wọn létí. Mo lè wá, bí o bá fẹ́.

Ní ti ilẹ̀, ka ẹsẹ 12: ó pín ohun ìní rẹ̀ "fún wọn". Àwọn méjèèjì ló pín in fún. Gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè, nínú Diutarónómì 21:17, ìpín méjì ni ti àkọ́bí, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta ni àbúrò gbé lọ. Nígbà tó padà, ó gba aṣọ, ó gba òrùka, ó gba bàtà, wọ́n pa màlúù fún un. Ibo ni wọ́n ti tún ogún pín? Ẹ̀gbọ́n ni bàbá sọ fún pé, "Ohun gbogbo tí mo ní, tìrẹ ni." Ìdáríjì dá ọmọ padà sípò ọmọ. Kò dá igi tí wọ́n ti gé padà.

Nítorí náà, ní kí bàbá rẹ sọ ọ́ níwájú ẹbí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì wà, kí ẹ gbé ìwé náà lọ sí méríì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀, òfin ìdílé ilẹ̀ wa Benin ti 2004 kò fi ọmọkùnrin ṣíwájú ọmọbìnrin nínú ogún. Kíkọ ìwé kì í ṣe ìbínú.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ìtàn ní òun ti dẹ́ṣẹ̀. Ṣé èyí sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Ó sọ ọ́ fún bàbá. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Tí mo bá wọlé, ó máa ń dìde kúrò níbi tó jókòó sí.

Ọmọ Kétu ní Kútọnu: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan síbí, ṣùgbọ́n ìdìde tí ẹ ní ó ń dìde yẹn ni kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Èmi náà lọ sí Gabon. Èmi kò ta oko, owó ìyá mi ni mo kó, owó àjọ tí àwọn obìnrin ọjà fi síkàáwọ́ rẹ̀. Ó san án padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí. Nígbà tí mo padà, ìyá mi rí mi, ó ní, "O ti jẹun?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jẹ àkàsà yẹn, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo wà lẹ́yìn odi, mo ti ń fojú inú rí bí ìyá mi ṣe máa lù mí, mo sì ti gbà. Èyí tí mi ò múra sílẹ̀ fún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló bá ìyá mi gbé gàrí lọ sọ́jà láti fi san owó àwọn èèyàn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Tó bá wọ yàrá, èmi á jáde. Ó rò pé ìgbéraga ni. Ìtìjú ni, ó ti dì mí ní ahọ́n.

Ọdún kan àti ààbọ̀ la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùnlé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, iye owó, orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ọjọ́ tí ẹnì kan wá pariwo lé ìyá wa lórí níwájú ilé. Kò bú mi. Ó kàn ń kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo tó lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí." Tí kò bá sọ ọ́ fún mi, mi ò bá má mọ ohun tí mò ń tọrọ ìdáríjì fún.

Mi ò ní kí ẹ lọ síbi àsè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá lè dárí ti bàbá jì í, ti yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún un nípa oṣù márùn-ún tí ẹ fi ń wẹ bàbá. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ìyá Ìbejì, Ìlárá: Ọmọ mi, mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ òbúkọ o.

Alfa kan, Àjàṣẹ́: Ẹ jẹ́ kí Mùsùlùmí dá sí i díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nínú Súrà Yúsúfù, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n tó ju Yúsúfù sí kànga dé iwájú rẹ̀ tí wọ́n jẹ́wọ́, ó ní, "Kò sí ẹ̀bi lórí yín lónìí." Gbogbo èèyàn ló mọ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe kó tó sọ ọ́. Ó ti dá wọn mọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá ra oúnjẹ, àwọn kò mọ̀ ọ́n.  Ó kọ́kọ́ dá àbúrò rẹ̀ dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdáríjì Yúsúfù pé pérépéré, síbẹ̀ ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Arábìnrin mi, kíkọ ìwé ilẹ̀ kò ba ìdáríjì jẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé Yáàkúbù, bàbá wọn. Ẹkún ọmọ kan fọ́ ọ lójú. Ó lè jẹ́ pé bàbá yín ti ń sunkún bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí wọn kò jẹ́ kí ẹ rí i, nítorí ẹ̀yin lẹ wà níwájú wọn.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Mo gbà pẹ̀lú Alfa, àfi pé kí ọ̀rọ̀ ìwé dúró di ẹ̀yìn àsè. Tí ẹ bá gbé e wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹbí máa sọ pé ìlara ni.

Olùkọ́ Ìjọ, Kétu: Rárá o. Kó ṣáájú àsè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu ọtí sódàbì tán, ta ló fẹ́ jókòó kọ ìwé?

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lémọ́lémọ́. Ti ọmọ Kútọnu yẹn, mo kà á fún ọmọbìnrin mi.

Àná, oko ẹ̀pà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró sémì. Bàbá ni. Wọn kò tíì dé oko láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gbé wọn. Ọ̀dọ́kùnrin sémì náà ló dì wọ́n mú tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Bàbá Olùkọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò sì ní béèrè. Wọ́n jókòó sórí kùkùté kan. Ẹ mọ̀ pé tíìkì tí wọ́n bá gé máa ń rú láti ìdí, àwọn èyí tó rú níbẹ̀ ti ga ju èèyàn lọ. Bàbá ń fi ọwọ́ òsì yẹn pa ewé rẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ní òbúkọ yẹn, tìrẹ ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Wọ́n ní, "Mi ò bi ọ́. Mi ò sì rán ẹnikẹ́ni pè ọ́ lọ́jọ́ tó dé. Ayọ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Má bínú, Ìyá mi." Orúkọ tí wọ́n máa ń pè mí ní kékeré nìyẹn, torí èmi ni mo jọ ìyá wọn.

Mi ò lè sọ nǹkan kan. Mo kàn ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀pà.

Wọ́n ti ra òbúkọ mìíràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwa àti àwọn àbúrò bàbá méjì máa lọ sí méríì. Bàbá ní kí àbúrò mi náà tẹ̀ lé wa, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Èmi àti òun kò tíì sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún un pé lálẹ́ Sátidé, tí bàbá bá ti sùn, kó dúró dè mí ní ẹ̀yìnkùnlé. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Tí mo bá ti sọ tèmi tán lálẹ́ Sátidé, màá mọ̀ bóyá mo lè jókòó lọ́jọ́ kejì. Iṣu ti wà nílẹ̀ ṣá. Mo ti ṣa èyí tó dáa sọ́tọ̀.