Ṣé kí n fi iṣẹ́ kíà sílẹ̀ lọ kọ́ cyber security? Ẹ̀yin ará Akúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mọ́yọ̀, Sheffield:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Tísà Physics ni mí ní Akúrẹ́ kí n tó kọjá sí ìlú òyìnbó. B.Sc.Ed. ni mo kà, mo sì gba ìwé TRCN mi, ìyẹn ìwé àṣẹ tísà ti Nàìjíríà. Físà kíà ni mo fi wọlé, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Mi ò bú iṣẹ́ náà o. Àwọn ìyá àti bàbá tí mò ń wẹ̀, tí mò ń fún lóúnjẹ, ti di èèyàn mi. Àmọ́ ẹ̀yìn ń ro mí, iṣẹ́ òru ti gba oorun lójú mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fi ọpọlọ mi ṣe nǹkan kan tó le.

Wọ́n ní inú cyber security, ìyẹn iṣẹ́ dídáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni owó wà, pé orí àga nínú yàrá lèèyàn á ti máa ṣe é. Àwọn kan tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n san £1,500. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní ó máa gbà, wọ́n á sì bá mi tún CV mi kọ kó lè dà bíi pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́ta. Ìdajì owó náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yí iṣẹ́ padà lókè òkun, kí lojú yín rí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó bá tilẹ̀ korò.

Ọmọ Òkè-Àró, Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi. Ẹ má san kọ́bọ̀ o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìrírí tẹ́ ẹ ò ní sínú CV ti fi irú ẹni tí òun jẹ́ hàn yín. Ní ìlú yìí, irọ́ tí èèyàn bá fi gba iṣẹ́ lè di ẹjọ́ jìbìtì lábẹ́ Fraud Act 2006, wọ́n á sì kọ̀wé sí ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láti béèrè yín. Ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ ṣeré rárá.

Iṣẹ́ dátà ni èmi ń ṣe. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Ohun tó ń gba àkókò mi jù ni kí n máa tún àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíì ti kọ ní kọkúkọ ṣe: orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́ta, ọjọ́ tí wọ́n kọ oṣù ṣáájú níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn níbòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìpàdé, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún mánéjà ìdí tí iye tó wà lójú ìwé kò fi bá ohun tó ti fọkàn sí mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí nǹkan tó bá lọ́ pọ̀ máa ń wù mí í tú. Ẹni tí kò bá ní irú sùúrù yẹn, á sú u kí ọdún tó yí po.

Warehouse ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Iye ọjà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kì í bá èyí tó wà nílẹ̀ mu. Mo fi Excel ṣe tábìlì kan tó ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé, mo kọ́ SQL, èdè tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú àkójọ dátà, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àyè sì yọ ní ọ́fíìsì, èmi ni wọ́n pè. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ mí ni mo ti rí àyè, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí mo fi CV ránṣẹ́ sí. Microsoft Learn, freeCodeCamp àti Cisco Networking Academy ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dára. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ fi ìyẹn dán ara yín wò ná.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí iṣẹ́ òru tẹ́ ẹ mẹ́nu bà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ cyber security ni wọ́n ń pè ní SOC, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, ṣíìfù ni. Èyí tó bá sì kan iṣẹ́ ìjọba, wọ́n máa ń ṣe ìwádìí ààbò tó sábà máa ń fẹ́ kéèyàn ti gbé ìlú yìí fún ọdún márùn-ún.

Ìyá Mọ́yọ̀, Sheffield:
Há! Wọn ò sọ ti ṣíìfù yẹn fún mi rárá. Ẹ ṣeun, àbúrò mi.

Àǹtí Tísà, Rotherham:
Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó sọ tèmi. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní Akúrẹ́, ṣé kíkọ́ ọmọ ló sú yín, àbí owó oṣù?

Ìyá Mọ́yọ̀, Sheffield:
Ẹ̀gbọ́n mi, owó ni o. Ilé-ìwé aládàáni ni mo wà. Oṣù á parí, owó ò ní wọlé. Bó bá sì wọlé, ọkọ̀ àti ìrẹsì ló ń gbé e lọ. Àmọ́ bí mo bá dúró níwájú pátákó, tí mò ń ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà, tí ọmọ tí kò yé tẹ́lẹ̀ bá ní "Mà, ó ti yé mi," mi ò ní rántí gbèsè kankan lọ́jọ́ náà. Mo ti gbà pé ìyẹn ti parí fún mi.

Àǹtí Tísà, Rotherham:
Kò tíì parí. Owó tí kò tó lẹ̀ ń sá fún, ẹ wá fẹ́ ju iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nù pọ̀ mọ́ ọn. England ń wá tísà Physics lójú méjèèjì. Láti February 2023 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún àwa tá a kọ́ṣẹ́ tísà ní Nàìjíríà láti gba QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ tísà ti England, láì tún padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan. Tísà Maths, sáyẹ́ǹsì àti èdè, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún wa. Orí ìkànnì ìjọba lẹ ti máa kọ̀wé béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n á fẹ́ rí digiri yín, ẹ̀rí pé ẹ kọ́ṣẹ́ tísà, ẹ̀rí pé ẹ ti kọ́ ọmọ fún ó kéré tán ọdún ẹ̀kọ́ kan, bí oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tẹ́ ẹ gboyè, lẹ́tà TRCN pé orúkọ yín wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn yín, àti ẹ̀rí pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. England nìkan ni o. Ẹni tó bá wà ní Scotland, GTCS, àjọ àwọn tísà ibẹ̀, ni kó kọ̀wé sí.

Físà wá ni ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Físà yín so mọ́ iṣẹ́ yín àti ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ gbà yín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ sípọ́ńsọ̀, á fún yín ní CoS tuntun, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé wọ́n fẹ́ gbà yín síṣẹ́, ẹ̀yin náà á sì kọ̀wé fún físà tuntun. Ẹ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ kí èsì tó jáde. Ẹ má fi kíà sílẹ̀ kí gbogbo èyí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí bí wọ́n bá ti sọ fún ìjọba pé ẹ ti lọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá ẹlòmíì tàbí kó kẹ́rù ẹ̀. CoS kì í sì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá rà á, ẹ sá fún un.

Ìdí míì tí mo fi ń ti yín síbi iṣẹ́ tísà nìyí. Láti 22 July 2025, owó tí òfin ń béèrè fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí físà iṣẹ́ Skilled Worker ti di £41,700 lọ́dún. Àwọn kan wà tí tiwọn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìgbà tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, ta ló fẹ́ san irú owó yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ cyber security? Ti tísà yàtọ̀, òṣùwọ̀n owó oṣù tísà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń lò fún wa.

Owó kan wà tí èèyàn kì í rántí. Ẹni tó wà lórí físà Health and Care, ìyẹn físà kíà yín, kì í san owó NHS, owó ìtọ́jú ìlera ìjọba. Bẹ́ ẹ bá bọ́ sí ti tísà, ẹ máa san án: £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, £776 fún ọmọ, gbogbo iye ọdún tí físà náà máa lò, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn láì tijú. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tọ́jú £1,500 yẹn sí.

Kíláàsì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní tàn yín. Ní Akúrẹ́, bẹ́ ẹ bá wọlé, gbogbo kíláàsì á dìde kí yín. Níbí, ọmọ ọdún 13 á bojú wò yín, á béèrè ohun tó fẹ́ fi Physics ṣe láyé ẹ̀, ó sì fẹ́ ìdáhùn. Kò sí ẹgba, òfin ti gbà á lọ́wọ́ tísà ilé-ìwé ìjọba láti 1987. Ohùn jẹ́jẹ́ àti òfin kan náà lójoojúmọ́ la fi ń darí wọn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mọ́ èèyàn lára. Physics nìkan kọ́ lẹ máa kọ́. Láti Year 7 dé Year 9, ìyẹn àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14, sáyẹ́ǹsì lápapọ̀ ni, kẹ́ ẹ yáa lọ máa tún Biology kà. Ìwé tẹ́ ẹ máa máàkì ń bá yín délé. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gan-an ló ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ rí.

Bàbá Fẹ́mi, Coventry:
Ẹ kú àlàyé, Àǹtí. Oníṣẹ́ iná ni mí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní òpópónà Ọba Adésídà ni mo ti kọ́ ọ. Físà ìyàwó mi ni mo bá wọlé, ìyẹn jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ tó wù mí láì wá sípọ́ńsọ̀. Gbogbo èèyàn ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní wáyà ni mo mọ̀.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ iná fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lè gba ọ̀nà Experienced Worker Assessment, àyẹ̀wò fún àwọn tó ti nírìírí, dé NVQ Level 3, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, kò ní lọ bá ọmọ ọdún 17 jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín níbí ni wọ́n fẹ́ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ máa bá oníṣẹ́ iná òyìnbó kan gbé irinṣẹ́ kiri. Ẹ máa ka ìwé òfin wáyà wọn, BS 7671, ẹ máa ṣe ìdánwò AM2E, lẹ́yìn náà ni káàdì ECS aláwọ̀ wúrà, èyí tó ń fi hàn pé èèyàn kúnjú òṣùwọ̀n oníṣẹ́ iná, á jáde. Bí wọ́n ṣe ń dán iná wò kí wọ́n tó tàn án níbí, àkọ̀tun ni mo kọ́ ọ. Mo máa ń dojú bolẹ̀ lábẹ́ pákó ilé nínú òtútù, eékún á máa ro mí. Owó rẹ̀ dára, orúkọ mi sì wà lára iṣẹ́ náà.

Ẹnjiníà, Hamilton:
Fún àwa ti Kánádà: ní Ontario, PEO, àjọ tó ń fún ẹnjiníà ní ìwé àṣẹ, ti yọ ìrírí Kánádà kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè láti 2023. Ìdánwò ṣì wà, ìrírí iṣẹ́ oṣù 48 ṣì wà. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ má ṣá pe ara yín ní P.Eng., orúkọ oyè ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní FUTA, ẹ tètè béèrè transcript, torí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí WES, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò.

Nọ́ọ̀sì Ìdànrè, Derby:
Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń kọ̀wé sí Ìyá Mọ́yọ̀ ní kọ̀rọ̀ pé kó lọ kà nọ́ọ̀sì. Wákàtí 4,600 ni ẹ̀kọ́ náà, ìdajì ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, wọn kì í sì í sanwó oṣù fún un. Owó ìrànwọ́ £5,000 lọ́dún tí wọ́n ń sọ kì í sábà kan ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́, owó ilé-ìwé àjèjì ló sì máa san. Bí kì í bá ṣe pé nọ́ọ̀sì ń pè yín láti inú wá, ẹ jẹ́ kó lọ. Iṣẹ́ òru wà níbẹ̀ dáadáa.

Tísà Alágbàká, Akúrẹ́:
Ẹ kú ìdúró lẹ́yìn odi o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé, torí ibí ni ìwé ti máa ń há. Ìwé àṣẹ TRCN yín gbọ́dọ̀ ṣì lágbára. Bó bá ti kọjá ọjọ́, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó béèrè lẹ́tà. Lẹ́tà ìrírí gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó ní orúkọ ilé-ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àti ímeèlì tí ẹnì kan ń kà, torí wọ́n lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba, TESCOM, àjọ tó ń gba tísà síṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀, ni kó lọ bá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wo orúkọ yín dáadáa. Bí digiri bá wà lórúkọ bàbá, tí páásípọ́ọ̀tù wà lórúkọ ọkọ, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tì í.

Ìyá Mọ́yọ̀, Sheffield:
Orúkọ mi rí bẹ́ẹ̀ gan-an! Ohun míì nìyí: ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ti kógbá wọlé, símẹ́ńtì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ìkejì ṣì wà, ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀.

Tísà Alágbàká, Akúrẹ́:
Ẹ lo ìkejì. Ọdún ẹ̀kọ́ kan ni Àǹtí ní wọ́n béèrè, ẹ ti ní ìlọ́po ẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan sí pírínsípà, kó mú ẹ̀dà ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa máa wá fáìlì.

Ìyá Mọ́yọ̀, Sheffield:
Àbúrò mi á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti sọ fún àwọn oní-£1,500 pé mi ò ṣe mọ́. Àǹtí Tísà, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n wá wo kíláàsì yín kí n tó kọ̀wé síbì kankan? Ẹ̀rù àwọn ọmọ yẹn ń bà mí.

Àǹtí Tísà, Rotherham:
Mo ti bá olórí ẹ̀ka wa sọ ọ́, ó ní kò burú. Ẹ fi àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ní ṣíìfù ránṣẹ́ sí mi, ẹ má sì wá láti ẹnu iṣẹ́ òru. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa wò ó. Ẹ̀yìn kíláàsì lẹ máa jókòó sí. Year 9 mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orí ọ̀rọ̀ iná, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí èyí tó dára àti èyí tí kò dára níbẹ̀ fúnra yín.