Èsì sí "ẹ̀dà aláwàdà" àti "èéhù" fún spin-off

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe spin-off, ìyẹn eré tí wọ́n fà yọ lára eré mìíràn, ní "ẹ̀dà aláwàdà", bíi eré àwàdà Rock Lee tí ilé-iṣẹ́ Pierrot ṣe, èyí tí wọ́n yọ lára Naruto, anime (eré àwòrán ilẹ̀ Japan) tó dá lórí àwọn jagunjagun ninja, tàbí "èéhù" ní ṣókí. Mi ò lè gba ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ló ṣòro láti jù nù.

Ẹni tó bá gbọ́ "ẹ̀dà Naruto" á rò pé wọ́n da Naruto kọ ni. Ẹ̀dà ìwé, ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí: ohun kan náà ni pẹ̀lú ojúlówó. "Aláwàdà" náà ń kọ́? Oní àti àwàdà ló so pọ̀, ènìyàn la sì fi ń pè, pàápàá látìgbà tí Moses Olaiya ti fi sọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré àwàdà ni ká wí. Ẹ má sì gbà fún àwọn tó ní ká fi "yẹ̀yẹ́" rọ́pò àwàdà. Wọn ò fi Lee ṣe yẹ̀yẹ́; bó ṣe wà nínú Naruto ló ṣe wà níbí: kò lè ṣe ninjutsu (idán ninja), kò lè ṣe genjutsu (idán tó ń tan ojú jẹ), ìjà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àìlèṣe yẹn ló ń fa omijé nínú eré àgbà, òun kan náà ló ń fa ẹ̀rín níbí, tí Tenten, akẹgbẹ́ rẹ̀, á máa bi í pé kí ló ń ṣe gan-an.

"SD" tó wà nínú orúkọ eré náà, ìyẹn super deformed, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí "alábùkù ara". Ẹ dákun, ẹ gbà á padà. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Orí ni wọ́n yà tóbi, tí ara wá kúrú, tó fi jẹ́ pé orí nìkan lè gba ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì gígùn ẹni náà. Èdè wa ti ní in tipẹ́: róbótó. Ohùn òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú un kéré. Ẹ fà á wálẹ̀ sí ròbòtò, ó di ńlá. "Àwòrán róbótó" tó wa. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ láìfi àmì sí i o, àwọn ọmọ anime á rò pé róbọ́ọ̀tì lẹ ń wí.

Ó wá ku èéhù. Bí èéhù bá ṣe ń ga ni iṣu ìdí rẹ̀ ń gbẹ. Eré Lee bẹ̀rẹ̀ lórí TV Tokyo ní oṣù kẹrin 2012, ó parí ní oṣù kẹta 2013 lẹ́yìn apá 51, Naruto Shippuden, apá kejì Naruto, sì ń lọ ní tirẹ̀ títí di 2017. Iṣu ò gbẹ. Boruto, eré ọmọ Naruto, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2017, lẹ́yìn tí Shippuden kásẹ̀ nílẹ̀, ni ká pè ní èéhù. "Ẹ̀ka eré" ìbá dáa, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti gbà á fún nǹkan mìíràn. Èmi fara mọ́ "eré ayọlára": "a-" olóhùn àárín, tó ń tọ́ka sí olùṣe, kì í ṣe "à-" bíi ti "àyọlò", torí eré yìí dá dúró fúnra rẹ̀, wọn ò gé e lára ìkankan.

*

Àbúrò, mo gba róbótó, mo sì gba alábùkù padà. Ẹ̀dà náà ti lọ. Ṣùgbọ́n kí ló máa ń yọ síni lára? Eéwo ni! Bí wọ́n bá sì kọ "ayolara" láìsí àmì, ẹlòmíràn á kà á sí "ayọ̀ lára". Ìyẹn ò burú fún eré àwàdà, ṣùgbọ́n tí eré tó yọ bá jẹ́ ti ìbànújẹ́ ńkọ́?

Ìwọ náà ló là á fún mi níbi tí o ti ní iṣu ò gbẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ká lọ wò. Ìyá ṣì dúró, ó gbé èso rù, ọmọ ti yọ nídìí rẹ̀, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ń jẹ. "Eré ọmọ-ọ̀gẹ̀dẹ̀" gùn, mo mọ̀. Fi sínú gbólóhùn ná: "Mo ti wo Naruto tán, ọmọ-ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò báyìí." Fi ayọlára sí ipò rẹ̀, kí o ka méjèèjì sókè fún ẹni tí kò sí nínú àríyànjiyàn yìí, kí o wá sọ èyí tí ẹni náà bi ọ́ léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.